Ìwé Inú Abọ́ Ṣúgà

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Thelma Hargreave fi jẹ́ Edie Tattersall. Ẹ má bi mí pé ta ni Thelma, torí ní gbogbo Leeds, láti ibùdókọ̀ ojú irin títí dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín, kò sẹ́ni tó mọ Thelma. Edie ni wọ́n mọ̀. Edie ti òpópónà Bobbin Row inú eré, aya Walt, Edie ẹlẹ́nu bí abẹ, tó ń gba inú tẹlifíṣọ̀n wọ ilé gbogbo ayé ní aago méje ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí Thelma bá lọ ra búrẹ́dì, wọn á ní, "Edie, ọkọ ẹ yẹn mà ti ń mutí jù o! Bá wa bú u!" Thelma á rẹ́rìn-ín, á ní òun á bú u. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Ọmọ Batley ni. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló wà tẹ́lẹ̀, ó ń to bisikíìtì sínú páálí látàárọ̀ dalẹ́, ó sì ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n wá ń wá obìnrin kan tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù, tó máa sọ pé búrẹ́dì ti le, tó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Thelma sọ pé búrẹ́dì le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé oníbúrẹ́dì ló pa ìyá òun. Àwọn tó ń kọ eré náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n pè é padà lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n fún un nílé ní Bobbin Row, wọ́n fún un lọ́kọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Edie. Ọkọ tòótọ́ tó ní nílé rí i pé ìyàwó òun ti di ìyàwó ẹlòmíì lójú gbogbo ìlú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò bímọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: lẹ́yìn Edie, Thelma ò ní nǹkan kan.

Ní Bobbin Row, ikú kì í ti ọ̀run wá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ti ń wá, láti ọ́fíìsì ọ̀gá eré. Àwọn òǹkọ̀wé á yí tábìlì ká, wọn á mu kọfí, wọn á jẹ kéèkì, wọn á sì pa èèyàn. Òṣèré tó ń kú lọ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí ìwé eré tuntun bá bọ́ sínú àpótí tó lórúkọ rẹ̀ lára ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé bọ́ọ̀sì ti gbá òun. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi máa ń ka ìwé wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹni tí wọ́n bá fi takisí gbé kúrò ní Bobbin Row ṣì lè padà lọ́jọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá fi pósí gbé, ó parí nìyẹn. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Noreen Sugden, òṣèré tí wọ́n fi gáàsì pa nínú eré lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ti dẹni tó ń kí oníbàárà káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó. Thelma ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba ẹ̀yìn mọ́tò sá fún un.

Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ ti ń sá fún Thelma. Á kọ́ ọ sórí dáadáa nílé, á sọ ọ́ fún dígí, á sọ ọ́ fún ìkòkò tíì, ṣùgbọ́n bí iná kámẹ́rà bá ti tàn báyìí, orí rẹ̀ á ṣófo. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìwé pélébé pélébé, á fi ọ̀kan sábẹ́ àwo, ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn, èyí tó ṣe pàtàkì jù sínú abọ́ ṣúgà. Edie fẹ́ràn ṣúgà ju gbogbo ará Bobbin Row lọ, torí náà kò sẹ́ni tó fura bó bá ń bojú wo inú abọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ife tíì kan ṣoṣo.

Àfi ọjọ́ tí wọ́n da ṣúgà tuntun bo ìwé náà mọ́lẹ̀. Thelma ṣí abọ́, ó rí ṣúgà, ṣúgà nìkan. Kámẹ́rà ń wò ó. Ni Desmond Rudge, tó ń ṣe Walt, bá fi ìka méjì lu tábìlì, kọ́ kọ́, ó ní, "Edie, ojú ẹ yìí, ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé Jackie aládùúgbò wa ti sá lọ sí Blackpool ni?" Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Thelma gan-an nìyẹn! Ó ní, "Blackpool náà ni!" Ayé tún padà bọ̀ sípò.

Desmond ò bi í léèrè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sórí, tirẹ̀ àti ti Thelma. Bí Thelma bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á gbọ́ ìka méjì lórí tábìlì, kọ́ kọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì tẹ̀ lé e bákan ṣá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo sitúdíò, tàbí kí n sọ pé ohun tí Thelma rò nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, òjò ń rọ̀, Thelma ló kọ́kọ́ dé. Ó gba inú yàrá ẹrù eré lọ kí ó lè fi ìwé rẹ̀ sínú abọ́ ṣúgà kí wọ́n tó gbé e jáde. Ibẹ̀ ló ti rí bébà kan lára ògiri, ẹrù tí wọ́n máa lò fún eré ọjọ́ Kérésìmesì. Igi Kérésìmesì kan. Tòlótòló yíyan kan. Fìlà bébà mẹ́fà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Pósí kan. Ilé Tattersall.

Èèyàn méjì ló ń gbé ilé Tattersall, Walt àti Edie. Kò sí ọmọ, kò sí ayálégbé. Ológbò wọn pàápàá ti kú lọ́dún tó kọjá, àpótí bàtà ni wọ́n sì fi sin ín.

Thelma ka bébà náà lẹ́ẹ̀kejì, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, bóyá òun ṣì í kà ni. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń fún un ní ìwé àdéhùn ọdún tuntun láti buwọ́ lù. Ta ló ń fún òkú ní ìwé àdéhùn?

Nígbà tí wọ́n jókòó sí ilé ìdáná Tattersall, ilé ìdáná tí kò lájà, tí òpópónà tó wà lójú fèrèsé rẹ̀ jẹ́ àwòrán lásán, Thelma rọra tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Desmond.

"Olówó orí mi, ṣé o gbọ́ nǹkan kan nípa Kérésì?"

"Mo gbọ́ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló máa bọ́ sí."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre."

"Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe ẹ́? Ojú ẹ ti funfun ju mílíìkì inú tíì yìí lọ."

Ọ̀rọ̀ pósí wà lẹ́nu Thelma, ó kù díẹ̀ kó bọ́. Ó gbé e mì. Bí òun bá sọ fún Desmond, ṣé Desmond ò ní kọ́kọ́ sáré lọ bẹ̀bẹ̀ fún orí ara rẹ̀? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí kànga ló ń pọn omi tó mọ́. Ohun tó rò nìyẹn, ọ̀rẹ́ tó ń bá a kọ́ ọ̀rọ̀ sórí ló sì rò ó sí. Ìbẹ̀rù ò dáa o, ẹ̀yin èèyàn mi. "Kò sí nǹkan," ó ní. "Òtútù ni."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ wo àpótí ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Ìwé tuntun ò tíì dé. Ó ń padà bọ̀ lẹ́ẹ̀keje nígbà tó gbójú sókè, ó rí Desmond lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Rukhsana Mir, ọ̀gá eré tuntun. Rukhsana fọwọ́ lé e léjìká. Thelma gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Ẹ ṣé o, Desmond. Ẹ ṣé gan-an ni."

Ẹ ṣé nítorí kí ni? Kí ni òṣèré ṣe fún ọ̀gá eré tó ń dúpẹ́ bẹ́ẹ̀? Thelma fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń ta kọfí títí Desmond fi sọ̀ kalẹ̀, ó wá jáde bí ẹni pé ńṣe ló ń kọjá lọ.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo lọ tọ̀ ni."

"Òkè lo ti lọ tọ̀?"

"Ti òkè mọ́ jù," Desmond ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń tiro lọ nítorí orúnkún rẹ̀.

Desmond ò purọ́ fún un rí. Thelma dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yé e wàyí. Wọ́n ti bi Desmond pé ta ni kí àwọn pa, Desmond sì ti sọ fún wọn nípa ìwé inú abọ́ ṣúgà. Ta ló tún mọ̀ nípa ẹ̀? Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tó ń lọ sílé, obìnrin kan dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Edie, má jẹ́ kí wọ́n pa ẹ́ o! Tí wọ́n bá pa ẹ́, mi ò wò ó mọ́." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni obìnrin yìí ń sọ, ṣùgbọ́n òógùn bo Thelma. Àdìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ àdìyẹ. Kò lè jẹun, kò lè jókòó. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó kan ilẹ̀kùn Rukhsana.

Ọmọ Bradford ni Rukhsana, kò tíì pé ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ sì máa ń dún kò-kò-kà lórí àkàsọ̀ irin tó lọ sókè débi pé kí ó tó yọ, gbogbo òṣèré á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, oníkálukú á sì sáré padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó dìde fún Thelma.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Kí ló dé tí ẹ̀ ń gbọ̀n báyìí?"

"Mo rí pósí lára ògiri."

Rukhsana gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. "Kò yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ pè yín fúnra mi."

"Mi ò wá jà," Thelma ní. "Mo kàn ní, tó bá jẹ́ pé dandan ni kẹ́nì kan lọ nínú wa... Mi ò sọ ọ́ fún ibi o. Ó ti rẹ Desmond. Ó ti ń gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Desmond?"

"Ọdún méjì rèé. Èmi ni mò ń bò ó láṣìírí. Màá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú ìwé, màá fi sínú abọ́ ṣúgà fún un. Ẹ lọ wò ó, ẹ máa rí i."

Rukhsana wojú rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń dúró kí omi hó. "Thelma, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi nìyẹn? Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Mo ti gbọ́. Ẹ lọ mu tíì, kí ara yín lè gbóná."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá ti balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́. Thelma sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó ń di irin mú, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Desmond ló kọ́kọ́ ta òun, pé ẹ̀san lòun gbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ nígbà méjì. Nígbà méjèèjì ni ìka Desmond lu tábìlì, kọ́ kọ́, tó sì ràn án lọ́wọ́. Kò lè wò ó lójú.

Ọjọ́bọ̀, Maggie Duxbury pè é. Maggie ló ń rán aṣọ gbogbo Bobbin Row, abẹ́rẹ́ ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì tíì torí abẹ́rẹ́ kúrò níbẹ̀ rí. Ó na apá Thelma síta, ó wọ kóòtù kan fún un. Kóòtù dúdú. Ó gbé fìlà dúdú lé e lórí.

Thelma wo ara rẹ̀ nínú dígí. Òkú kì í wọ aṣọ ọ̀fọ̀. Opó ló ń wọ̀ ọ́! Wọn ò pa òun! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá Maggie mọ́ra, abẹ́rẹ́ gún un léjìká, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ rọra, ẹ rọra," Maggie ní. "Ó gùn díẹ̀ níbí, màá gé e. Mo ti ń gbé e kiri láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò rí yín mú."

"Ọjọ́ wo?"

"Ìṣẹ́gun. Desmond ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Rukhsana ti pè mí, ó ní kí n ju aṣọ òkú Edie sílẹ̀, kí n wá kóòtù opó. Háà, ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni? Èmi náà kúkú lẹ́nu!"

"Maggie, sọ ọ́."

Maggie yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ pa. Ẹ máa já lulẹ̀ láti orí àkàsọ̀ yàrá abẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, tẹ̀yin ti àwo ẹran lọ́wọ́. Desmond rí pósí yẹn lára ògiri lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó wá bi mí, mo sì sọ fún un. Ló bá gòkè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí wọ́n pa òun dípò yín. Ó ní òun ní ìyàwó, òun ní oko àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n Thelma ò ní ibòmíì. Mo sunkún, Thelma. Ẹ wò ó, mo tún fẹ́ sunkún."

Thelma jókòó lórí aṣọ tí wọ́n kó jọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú sì ni òun gòkè. Wọ́n ti dá ẹ̀mí òun sí ní ọjọ́ kan ṣáájú kí òun tó lọ ta ẹni tó dá a sí. Kò pọn dandan. Èyí tó ń gún un lọ́kàn jù nìyẹn, pé kò tiẹ̀ pọn dandan.

Ó bá Desmond nílé oúnjẹ, páì àti ẹ̀wà wà níwájú rẹ̀. Ó jókòó.

"Maggie ti sọ fún mi."

"Mo mọ̀ pé Maggie á sọ. Tí o bá fẹ́ kí gbogbo Yorkshire gbọ́ nǹkan, sọ fún Maggie pé àṣírí ni."

"Kí ló dé tí o ṣe é?"

"Orúnkún mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, ara tó kù ni kò tíì gbọ́. Jean ìyàwó mi sì ń yọ mí lẹ́nu nílé. Lọ́dún tó ń bọ̀, àlùbọ́sà eléwé mi ló máa gba ipò kìíní níbi ìdíje àgbẹ̀, ìwọ ṣáà máa wò ó." Ó fi fọ́ọ̀kì tọ́ka sí i. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ máa gbìn?"

"Desmond, mo ṣe nǹkan kan."

"Kí lo ṣe?"

Ni wọ́n bá pè wọ́n síbi iṣẹ́. Desmond dìde, ó ní kí ó bá òun gbé tíì òun, ó ń tiro lọ níwájú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Ṣé Rukhsana ti sọ fún un? Bí Desmond bá kí i, ó ń wá ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Bí kò bá kí i, ó ti mọ̀ nìyẹn. Bí ó bá rí Desmond àti Rukhsana tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí àkàsọ̀, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Ó pàdé Rukhsana lójú ọ̀nà ní ọjọ́ kan, Rukhsana kí i pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù. Ìwé Kérésìmesì dé. Ó kà á láti ẹ̀yìn. Walt kú sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, fìlà bébà tí wọ́n fi ń ṣọdún Kérésì lórí. Edie yọ fìlà náà kúrò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo:

A ò já ara wa kulẹ̀ rí, àbí, Walt?

Thelma ka gbólóhùn yẹn, ó ju ìwé náà sílẹ̀ bí ẹni tó gbá irin gbígbóná mú. Àwọn òǹkọ̀wé ò mọ nǹkan kan o, wọ́n kàn kọ ọ́ ni. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ ti ń sá fún un, èyí nìkan ni kò sá. Ó bá a lọ sílé, ó bá a jẹun, ó bá a wọ bọ́ọ̀sì. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan.

Ọjọ́ ikú Walt pé. Ìṣe wọn ni pé lọ́jọ́ tí òṣèré bá ń kú, gbogbo ilé iṣẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ wá dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, àwọn aránṣọ, àwọn alásè, àwọn òǹkọ̀wé tó pa á gan-an. Wọ́n á dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ti kú tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ẹni tó sì ti bá a ṣeré pẹ́ jù á sọ̀rọ̀. Thelma gbójú sókè, ó rí Maggie tó ti ń nu imú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Rukhsana, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo òun. Nínú gbogbo èrò yìí, ẹni yẹn nìkan ló mọ ohun tí òun ṣe.

Iná tàn. Walt mí, ó dákẹ́, orí rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Thelma yọ fìlà bébà náà, fìlà pupa, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ Desmond mú. Ọwọ́ náà gbóná.

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Kò jáde. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré. Báwo ni òun ṣe máa sọ ọ́ sí ojú yìí? Ìṣẹ́jú àáyá ń lọ. Kámẹ́rà ń sún mọ́ ọn. Ẹnì kan wúkọ́. Thelma rí i pé Rukhsana ti tú apá rẹ̀ sílẹ̀.

Ni ìka méjì bá lu ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Kọ́ kọ́.

Òkú ló lù ú. Ojú òkú wà ní dídì, ètè òkú ò mì ju ti ẹni tó ń sùn lọ, ṣùgbọ́n Thelma gbọ́ ọ, jẹ́jẹ́ bí atẹ́gùn: "A ò já ara wa kulẹ̀ rí, àbí, Walt?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "A ò já ara wa kulẹ̀ rí," ó ní, ohùn rẹ̀ ya. "Àbí, Walt?"

"Ó tó!" ni olùdarí pariwo. Àtẹ́wọ́ bẹ́ sílẹ̀ bí òjò lórí páànù, Maggie sì ń ké bí ẹni pé ọkọ tirẹ̀ ló kú. Thelma ò gbé orí sókè. Ó tẹ̀ mọ́ etí Desmond.

"Mi ò gbàgbé rẹ̀," ó ní.

"Mo mọ̀," ni Desmond wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Rukhsana sọ ohun gbogbo fún mi lọ́jọ́ kejì tí o gòkè. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi rán ẹ létí."

Wọ́n ń pe Thelma pé kí ó wá sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ife ọtí kan lé e lọ́wọ́. Ó dìde dúró nínú aṣọ ọdún Edie, fìlà bébà ní ọwọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tó ti múra sílẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀, ó dáa, àwàdà mẹ́ta wà níbẹ̀. Kò yọ ọ́. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró dè é. Oṣù kìn-ín-ní ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá dákẹ́, Edie á máa bẹ láyé.

"Abọ́ ṣúgà," ó ní. Ó tún gbìyànjú. "Ẹ wo inú abọ́ ṣúgà yẹn. Ìwé wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni mò ń kọ síbẹ̀. Ọdún méjì rèé tí mi ò lè rántí ọ̀rọ̀ mọ́. Desmond ló ń bá mi kọ́ ọ sórí, ọ̀rọ̀ mi àti tiẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá lọ sókè. Mo sọ fún Rukhsana pé Desmond ló ń gbàgbé. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló bà mí. Èmi ni. Èmi ni mò ń gbàgbé."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Maggie fọwọ́ bo ẹnu, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé ẹ̀. Olùdarí ń wo bàtà ara rẹ̀. Rukhsana mú ìwé rẹ̀ lórí àpótí, ó yípadà, ó sì kọjú sí ọ̀nà àkàsọ̀.

Desmond la ojú kan lórí àga. "Ẹ ò rí obìnrin yìí bí?" ó sọ fún gbogbo wọn. "Gbogbo nǹkan ló máa ń gbàgbé, àfi èyí tó yẹ kó gbàgbé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò mọ̀ bóyá kí àwọn rín. Thelma jókòó sórí apá àga rẹ̀, ó dé fìlà bébà náà padà fún un lórí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jókòó, wọ́n ń gbọ́ bàtà Rukhsana lórí irin, kò-kò-kà, kò-kò-kà, bó ṣe ń gòkè lọ sí ọ́fíìsì.